Ààrò ìsunran: ti èédú ni mo fọwọ́ sí

Ẹja àrọ̀ àti adìẹ sísun ni mo ń tà ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́ níbí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ààrò fún àgbàlá yín, ẹ lọ bá wẹ́dà kó fi ìlàjì dúróòmù tó nípọn ṣe é fún yín. Kó ní ìdérí, kó sì ní ihò ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀. Ihò yẹn ni mo fẹ́ràn jù: bí mo bá ṣí i, iná á ràn, bí mo bá pa á dé, ooru á rọlẹ̀. Apá kan ni mo ń kó èédú sí, kí itan adìẹ lè rọra jinná dénú eegun ní apá kejì láì jẹ́ kí awọ rẹ̀ jóná. Ọ̀rá tó ń kán sórí èédú ló ń fún ẹja ní adùn yẹn.

Ti gáàsì yá, kò ní eérú. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, adùn èéfín ò sì pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba irin tí wọ́n fi síńkì bò. Bó bá gbóná janjan, èéfín rẹ̀ léwu. Ẹ sì bèèrè ohun tó wà nínú dúróòmù náà tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ kẹ́míkà, ẹ fi sílẹ̀.