Àbẹ̀kẹ́ nínú àpò ìdọ̀tí: ohun tí ojú mi rí nínú ẹgbẹ́ àṣà kan ní Seoul

Sátidé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Inú mi ò tíì rọ̀, ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ ọ́ báyìí, mi ò ní kọ ọ́ mọ́.

Ó ti di ọdún kejì tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ yìí, àwọn tó ń kọ́ àwa àjòjì ní ìtàn àti àṣà ilẹ̀ Kòríà. Àsọyé wọn dára, ìrìn àjò wọn dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ló kọ́kọ́ mú mi dé Jongmyo, níbi tí wọ́n kó pátákó orúkọ àwọn ọba àti ayaba ìjọba Joseon sí, 49 nínú yàrá 19 tó tò tẹ̀ léra wọn lábẹ́ òrùlé gígùn kan. Ojú ọ̀nà olókùúta mẹ́ta ló wọ ibẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí a má tẹ ti àárín, torí ti àwọn ẹ̀mí ni. Gbogbo wa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sẹ́ni tó bèèrè ìdí. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn síbẹ̀ ná.

Ètò ti Sátidé yìí jẹ́ ìmúrasílẹ̀ fún Chuseok, ọdún ìkórè wọn, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ nínú kàlẹ́ńdà òṣùpá. Inú hanok kan ni a ti ṣe é, ilé onígi àtijọ́. Wọ́n fẹ́ kọ́ wa ní jesa, ìyẹn bí ìdílé ṣe ń bọ àwọn òkú wọn. Ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà ló kọ́ wa. Seonsaengnim, ìyẹn olùkọ́, ni gbogbo wa ń pè wọ́n, torí ní Kòríà bíi tiwa, a kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí.

Wọ́n ní kí a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí àwọn tí à ń pè lè ráyè wọlé. Wọ́n to tábìlì: ẹja sí ìlà-oòrùn, ẹran sí ìwọ̀-oòrùn. Èso píìṣì ò gbọdọ̀ débẹ̀, torí wọ́n gbà pé ó ń lé ẹ̀mí òkú sá. Ata pupa náà ò gbọdọ̀ débẹ̀. Wọ́n gún ṣíbí lóòró sínú abọ́ ìrẹsì, ìgbà yẹn ló tó yé mi ìdí tí ọmọ kíláàsì mi ṣe yára yọ ṣíbí mi kúrò nínú ìrẹsì lọ́dún tó kọjá. Oúnjẹ òkú ni wọ́n ń gún ṣíbí sí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kan jibang. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n á kọ ẹni tí olóògbé jẹ́ sí i, wọ́n á gbé e síwájú tábìlì bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló jókòó. Tí ètò bá parí, wọ́n á dáná sun ún.

Ọmọbìnrin ọ́fíìsì kan pín èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ fún wa pé kí a máa tọ ọ́. Mo ní ti ìyá ìyá mi ni mo fẹ́ kọ. Ó ní, “Ẹ̀kọ́ lásán ni, ẹ lo èyí tó wà ńbẹ̀.” Seonsaengnim gbọ́, wọ́n sì wá jókòó tì mí. Wọ́n ṣàlàyé pé láyé àtijọ́, wọn kì í kọ orúkọ obìnrin gan-an sórí jibang, orúkọ ìdílé baba rẹ̀ ni. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí mi ò bá pe orúkọ wọn, báwo ni wọ́n á ṣe mọ̀ pé àwọn ni mò ń pè?”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kí lorúkọ ọ̀hún. Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n ní kí n tún un pè. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ ọ́ ní Hangul, ìyẹn lẹ́tà àwọn ará Kòríà, 아베케, lẹ́yìn náà wọ́n fi àmì tíńtín kan sí ẹ̀gbẹ́ òsì èyí tó gbẹ̀yìn. Mo bèèrè pé kí nìyẹn. Wọ́n ní nígbà tí ọba Sejong gbé Hangul jáde lọ́dún 1446, èdè àwọn náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀. Àmì kan lápá òsì ni ohùn òkè, ohùn ìsàlẹ̀ ò ní nǹkan kan. Ohùn náà ti kúrò lẹ́nu àwọn ará Seoul, àmì náà sì bá a lọ. “Ṣùgbọ́n ó ṣì wà lẹ́nu tìrẹ. Mo gbọ́ ọ: ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀, òkè.”

Àwọn ọmọ Yorùbá mélòó ni kì í fi àmì sórí orúkọ ìyá wọn! A kúnlẹ̀, a forí balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Omijé bọ́ lójú mi, mi ò nù ún.

Bí a ṣe ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni mo bojú wẹ̀yìn. Ọmọbìnrin yẹn àti ọ̀gá rẹ̀ ń palẹ̀ mọ́. Wọ́n kó gbogbo jibang pọ̀ mọ́ ife bébà àti ọ̀rá tí wọ́n fi wé songpyeon, àkàrà ìrẹsì Chuseok, wọ́n rún wọn, wọ́n jù wọ́n sínú àpò ìdọ̀tí. Mo rí igun bébà tèmi, tíì tó ṣẹ́kù nínú ife ti ń wọ̀ ọ́.

Mo figbe ta. Ọ̀gá náà ní òfin pànápaná kò gbà kí a dáná nínú hanok. Ìyẹn yé mi, ta ló gbàgbé iná tó jó Sungnyemun, ẹnubodè àtijọ́ Seoul, lọ́dún 2008? Ṣùgbọ́n ṣé wọn ò lè kó o lé wa lọ́wọ́ kí a lọ sun ún nílé ni? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Madam, ẹ̀kọ́ lásán ni, kì í ṣe òkú gidi.”

Àwọn tó kọ́ mi pé kí n yà fún ẹ̀mí lójú ọ̀nà ní Jongmyo nìyẹn o.

Seonsaengnim padà wọlé. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò ìdọ̀tí náà dé ìgúnpá, wọ́n yọ àwọn bébà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ na wọ́n lórí itan. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi na tèmi sí mi. A jáde lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n to ìkòkò sí, wọ́n gbé abọ́ idẹ kalẹ̀ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bébà tó ti rin kì í tètè gbaná. A dúró tì í títí ó fi jó tán.

Mo kọ ìmélì sí ọ́fíìsì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó fèsì: wọ́n dúpẹ́ pé mo sọ èrò mi, wọ́n sì máa dín owó ètò mi tó ń bọ̀ kù ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. “Ẹ má bínú” kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀. Mi ò fẹ́ ẹ̀dínwó.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Tí ẹ bá lọ, ẹ gba jibang yín kí ẹ tó wọ bàtà. Seonsaengnim máa bẹ̀rẹ̀ kíláàsì Hangul àtijọ́ lóṣù kọkànlá, alaalẹ́ ọjọ́ Tuesday, aago méje. Èmi ti sanwó. Àga mẹ́wàá péré ló wà, ẹ tètè forúkọ sílẹ̀.