Àwọn tó bá wa ṣètò ìrìn òkè ní Kírétè: géètì tì, London ò gbé fóònù, àmọ́ ẹ dúró ná

Látorí géètì yẹn ni màá ti bẹ̀rẹ̀ torí òun ló jẹ́ kí n jókòó tẹ gbogbo èyí. Xyloskalo lorúkọ ibẹ̀, lókè Omalos, níbi tí èèyàn ti ń sọ̀kalẹ̀ wọ àfonífojì Samaria ní erékùṣù Kírétè, nílẹ̀ Gíríìsì. Oṣù kẹwàá ni, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, òjò ń ṣe winniwinni, òtútù ń mú èmi àti baálé mi gbọ̀n. Dẹ́rẹ́bà tí ilé iṣẹ́ tó ṣètò ìrìn àjò wa háyà fún wa láti ìlú Chania já wa sílẹ̀, ó yí mọ́tò padà, ó lọ. A yíjú sí géètì, ó tì pa. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ nawọ́ sójú ọ̀run, ó mi orí, ó bá tiẹ̀ lọ.

Pé wọ́n tì í ò bí mi nínú o. Tí òjò bá rọ̀ lókè yẹn, òkúta a máa já bọ́ látara àpáta, odò ìsàlẹ̀ á sì kún lójijì, ẹni tó bá rò pé àpáta máa mojú òun kó fo géètì. Ohun tó gbé mi nínú ni pé láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni ìkéde ti jáde, àwọn tá a sanwó fún pé kí wọ́n máa bá wa wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò sọ fún wa. Ẹ wá wò ó, hòtẹ́ẹ̀lì tá a máa sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Agia Roumeli ló wà, létí òkun, níbi tí àfonífojì náà parí sí, nǹkan bí kìlómítà 16 sí ibi tá a dúró sí. Títì mọ́tò ò dé Agia Roumeli rárá. Ẹsẹ̀ tàbí ọkọ̀ ojú omi ni. Ẹrù wa sì ti bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Ìyẹn ni pé orí géètì kan ṣoṣo ni wọ́n gbé gbogbo ìrìn àjò yẹn lé, kò sí nǹkan kan nínú ìwé wọn tó sọ pé bí géètì bá tì, báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe.

Ìwé yẹn ní nọ́ńbà pàjáwìrì, “wákàtí 24” ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà. Mo pè é. Orin. Orin ṣáá. Ẹ̀rọ wá sọ pé ọ́fíìsì máa ṣí láago mẹ́sàn-án, tiwọn ní London nìyẹn, wákàtí méjì ni Gíríìsì sì fi ṣáájú wọn, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Mo ń tún un pè, mo ń tún un pè, ẹnì kan wá gbé e níkẹyìn. Ọmọdékùnrin kan ni, ohùn ẹ̀ dùn bí oyin, ó ní òun lóye bó ṣe ń ṣe mí gan-an (mi ò tíì sọ bó ṣe ń ṣe mí). Ó ní kí n sípẹ́ẹ̀lì orúkọ mi. Mo sípẹ́ẹ̀lì ẹ̀. Ó ní kí n tún un sípẹ́ẹ̀lì. Nínú òjò ni mo dúró sí tí mò ń pe A fún Apple, D fún David, omi ń gba ọrùn wọnú jákẹ́ẹ̀tì mi. Ó wá rí wa, ó ní, “Áà, mo rí i níbí pé inú Samaria lẹ wà lónìí, ṣé ẹ ń gbádùn ẹ̀?”

Baálé mi já fóònù gbà torí ó mọ ohun tó fẹ́ tẹnu mi jáde. Ó ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé géètì tì. Ọmọ yẹn ní ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ò sí lọ́rùn àwọn, pé ó wà nínú àdéhùn tá a fọwọ́ sí, ó wá béèrè pé ṣé a ò lè gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yí ni. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀! Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni Lefka Ori, òkè tó ju 2,000 mítà lọ kún ibẹ̀ fọ́fọ́, Pachnes nìkan jẹ́ 2,453 mítà. Kí èmi tí mo gbé búrẹ́dì méjì àti ìgò omi dání wá gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yí, ọmọ olọ́mọ.

Ìgbà tí mo ti ń tẹ “èmi ni mo máa ba orúkọ yín jẹ́” ránṣẹ́ sí wọn ni nọ́ńbà Gíríìsì kan wọlé. Obìnrin kan ni, òun ló ń bójú tó iṣẹ́ wọn ní Chania. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ṣé ẹ ti jẹun?” Ẹ̀yin èèyàn mi, inú mi rọ̀. Ó ní ká wọ ilé kọfí tó wà níbẹ̀, ká mu nǹkan gbígbóná, táksì ń bọ̀ wá gbé wa lọ sí Sougia, ọkọ̀ ojú omi wà níbẹ̀ tó ń lọ Agia Roumeli, òun ti pe èbúté, òkun ò le. Ó ní ká sanwó táksì, ká gba rìsíìtì. Ó tún fi ímeèlì tó kọ sí London ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, tìrọ̀lẹ́ àná, aago wà lára ẹ̀ kedere: “Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún àwọn àlejò wa pé géètì ò ní ṣí lọ́la.” Wọn ò ṣí ímeèlì yẹn. Kò bú wọn o, ó kàn ní, “Ó yẹ kẹ́ ẹ rí i.”

Kò fi mọ síbẹ̀. Ó pè nígbà tá a dé Sougia, ó pè nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ti sọ fún onílé pé kí wọ́n gbé ẹrù wa wọ yàrá. Ó wá fún wa nímọ̀ràn kan tí mi ò rí nínú ìwé kankan. Ó ní bí wọ́n bá ṣí géètì ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ká tètè jí, ká gba ìsàlẹ̀ wọlé, torí àwọn tó ń bọ̀ látòkè ò lè débẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ la ṣe. Wọ́n ṣí i, oòrùn yọ, a rìn títí dé Portes, ibi tí àpáta ti fún àfonífojì náà mọ́ra, àlàfo àárín ẹ̀ kò ju mítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, ògiri méjèèjì sì ga tó nǹkan bí 300 mítà. Èmi àti baálé mi nìkan la wà níbẹ̀, àwa àti ìró omi. Tó bá jẹ́ pé géètì òkè ṣí lọ́jọ́ yẹn, àárín èrò la ò bá gba ibẹ̀ kọjá.

Kí n má parọ́ mọ́ wọn, ìwé ọ̀nà wọn dáa láti ibẹ̀ lọ. Láti Agia Roumeli sí abúlé Loutro, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí wọ́n ń pè ní E4 ni, àmì yẹ́lò àti dúdú lára òkúta, wọ́n sọ ibi tí àmì ti máa sá mọ́ni lójú, wọ́n sọ ibi tí omi ò ti sí, ó sì rí bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ọ̀nà náà gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta kékeré kan kọjá létí òkun, Agios Pavlos, ti Pọ́ọ̀lù Mímọ́. Kí ẹ tó wọ Loutro ẹ máa gba Foinikas, èbúté tí ọkọ̀ Pọ́ọ̀lù fẹ́ lọ lo ìgbà òtútù sí nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27, tí ìjì ò jẹ́ kó dé. Baálé mi tó ti ń ráhùn orókún láti àárọ̀ jókòó síbẹ̀ ó ka orí yẹn tán pátá lórí fóònù. Ìwé pe ìrìn ọjọ́ yẹn ní “ìwọ̀ntúnwọ̀nsì”. Orókún ẹ̀ ò gbà bẹ́ẹ̀.

Àáàpù wọn ńkọ́? Ẹ gbàgbé ẹ̀. Bátìrì ló ń jẹ, lẹ́yìn etíkun Glyka Nera ó ní ká yà sápá ọ̀tún, òkun ló wà lápá ọ̀tún.

Àwọn tó ń lo páálí Nàìjíríà níbí, ẹ gbọ́ tiyín: ìwé hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ fún wa fún físà Schengen péye, gbogbo alẹ́ ló wà níbẹ̀, orúkọ wa méjèèjì sì bá ti páálí mu. Ẹ̀gbọ́n mi kan lo àwọn míì, àkọsílẹ̀ oru kan ló sọnù tí wọ́n fi dá a padà. Ibi yìí, mo yìn wọ́n gidi.

Nígbà tá a padà dé Leeds mo fi rìsíìtì táksì ránṣẹ́, 90 euro. Ọmọ olóhùn oyin yẹn ló dá mi lóhùn, ó ní òun lóye bó ṣe ń ṣe mí, wọ́n sì máa fún wa ní fáúṣà 50 pọ́n-ùn tá a bá tún bá wọn rìn. Mi ò dárúkọ wọn síbí torí ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì parí. Ẹni tó bá ti mọ̀ wọ́n tó sì fẹ́ bá wọn lọ, kó gba nọ́ńbà ọ́fíìsì Chania kó tó kúrò nílé, kó sì máa wo ìkéde géètì fúnra ẹ̀ lálaalẹ́.

Ìràwọ̀: 4 nínú 5. Baálé mi ní kí n kọ 1, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń tẹ̀ ẹ́. Owó táksì mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn o.