Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú tí kò fi àmì ohùn ṣeré

Ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé ní Èkó láì náwó jù, Ṣómólú ni wọ́n sábà máa ń júwe fún un. Ẹni tó ń ta bébà, ẹni tó ń ṣe pléètì (àwo tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà), ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó ń dì í lè má sí lábẹ́ òrùlé kan náà, nítorí náà iṣẹ́ kan ṣoṣo lè gba ọ̀nà púpọ̀ kó tó di ìwé. Ilé ìtẹ̀wé kékeré tí mo gbé àkójọ àròkọ mi lórí àwọn ibùdókọ̀ Èkó lọ wà lára àwọn tó ń tẹ̀wé níbẹ̀. Ohun tó mú mi yàn án ni pé kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà tó dárúkọ owó, ó kọ́kọ́ béèrè irú fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, tí mo fi kọ ọ́.

Ìbéèrè náà kì í ṣe kékeré. Nínú ètò Unicode tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà máa ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀ kí wọ́n tó lè jáde. Bí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì kò bá pèsè ibi tí àmì yóò jókòó sí, àmì náà yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kí ó gun orí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Charis SIL, Gentium àti Noto Serif kì í dójú tini báyìí. Àwọn fọ́ǹtì oníṣọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó ló máa ń kọsẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti 1859 ni òyìnbó míṣọ́nnárì Henry Townsend ti ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá ní Abẹ́òkúta, nígbà tí kò sí kọ̀ǹpútà rárá.

Wọ́n gbà kí n jókòó ti oníkọ̀ǹpútà náà bó ti ń to ojú ìwé. Ó fẹ àlàfo àárín ìlà sí i, kí àmì abẹ́ lẹ́tà ìlà òkè má baà kan àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀. Èyí fi ojú ìwé kún ìwé náà, owó bébà sì gòkè, ṣùgbọ́n ó ti sọ fún mi ṣáájú, mo sì fara mọ́ ọn, nítorí ojú kì í rẹni tó ń kà á.

Àléébù wọn kò ṣàì sí. Nínú àlàyé kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé, tàdáwà dí àmì abẹ́ lẹ́tà débi pé ó nira láti mọ lẹ́tà ọ yàtọ̀ sí lẹ́tà o. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi di ẹ̀yìn ìwé kò lágbára tó, àwọn ẹ̀dà kan sì ti ń ya. Iṣẹ́ náà tún pẹ́ ju ọjọ́ tí wọ́n dá lọ, iná àti ẹni tó ń dì í ni wọ́n sì ń dá lẹ́bi.

Fún káàdì lásán, àwọn aládùúgbò wọn dín owó jù wọ́n lọ. Ẹni tí ìwé rẹ̀ jẹ́ Yorùbá alámì ni mo lè rán lọ síbẹ̀. Kí ó gbé fáìlì PDF tí fọ́ǹtì ti wà nínú rẹ̀ dání, kí ó sì ní kí wọ́n tẹ ojú ìwé kan wò lórí bébà tí wọn yóò lò gan-an, pàápàá èyí tí lẹ́tà rẹ̀ kéré jù, kí wọ́n tó ṣe pléètì.