Barmbrack olórùka fún ọdún Samhain: ẹ rà á, àmọ́ ẹ tún un ṣe kí ẹ tó gé e

Bí oṣù kẹwàá bá ti dé ní Áyálándì, barmbrack olórùka ti máa ń kún orí àtẹ. Búrẹ́dì róbótó ni, àjàrà gbígbẹ wà nínú rẹ̀ káàkiri, wọ́n sì fi pépà wé òrùka kékeré kan sí i láàárín. Orúkọ rẹ̀ ní èdè ibẹ̀, bairín breac, túmọ̀ sí búrẹ́dì alámì tótòtó. Alẹ́ 31 oṣù kẹwàá ni wọ́n ń gé e. Àwọn tó padà sí ẹ̀sìn àbáláyé ilẹ̀ náà ń gbé e síwájú òkú wọn ní Samhain, ọdún àtijọ́ ibẹ̀ fún ìparí ìkórè, tó ń bẹ̀rẹ̀ bí oòrùn bá ti wọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ó dùn, kò sí àníàní. Ẹ gé e nípọn, kí ẹ fi bọ́tà pa á. Tó bá di ọjọ́ kẹta tó ti ń gbẹ, ẹ yan án lórí iná kí bọ́tà lè yọ́ wọnú rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ló dùn jù. Ṣùgbọ́n ẹ ka ara ọ̀rá rẹ̀ dáadáa. Oríṣi méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan náà: èyí tí wọ́n fi ìwúkàrà ṣe fúyẹ́, èyí tí wọ́n rẹ èso rẹ̀ sínú tíì wúwo bíi kéèkì. Èyí tí wọ́n fi ìwúkàrà ṣe ni kí ẹ mú fún ọdún.

Àléébù rẹ̀ ni pé òrùka nìkan ló wà nínú rẹ̀. Nǹkan márùn-ún ni àṣà mọ̀, èyí tó bá sì bọ́ sí èèyàn lọ́wọ́ ló ń sọ ohun tó ń bọ̀ wá bá a: òrùka fún ìgbéyàwó, owó ẹyọ fún ọrọ̀, àkísà fún òṣì, ẹ̀là igi fún ìgbéyàwó tí kò ní tòrò, hóró ẹ̀wà kan fún ẹni tí kò ní ṣègbéyàwó lọ́dún náà. Ẹni tí òrùka kò bá bọ́ sí lọ́wọ́ kò rí àsọtẹ́lẹ̀ kankan gbà nínú ti ilé ìtajà.

Ẹ dojú búrẹ́dì náà dé, kí ẹ fi ọ̀bẹ tín-ínrín la ihò mẹ́rin sí ìdí rẹ̀, kí wọ́n jìnnà síra wọn. Ẹ se owó ẹyọ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fi pépà tí wọ́n fi ń tẹ́ agolo búrẹ́dì wé ohun kọ̀ọ̀kan, kó tóbi tó tí eyín yóò fi mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì tì í bọ inú ihò tirẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rá wé e rárá. Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó máa jẹ ẹ́, kí ẹ sì ya ègé ọmọdé wò kí ẹ tó gbé e fún un.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀ yóò lo fúláwà 450 g, ìwúkàrà gbígbẹ 7 g, bọ́tà 60 g, ṣúgà 60 g, ẹyin kan, mílíìkì lílọ́wọ́ọ́wọ́ 250 ml, èso gbígbẹ 300 g. Mílíìkì tó gbóná jù máa ń pa ìwúkàrà, sínámónì tó pọ̀ jù sì ń fà á sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó wú di ìlọ́po méjì, kí ẹ tó yan án ní 180°C fún bí ìṣẹ́jú 40. Ẹ ti èso tó yọjú sókè wọnú, torí pé ó máa jóná, á sì korò.

Bí olùtajà bá ní búrẹ́dì yìí ti wà láti ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, ẹ má gbà á gbọ́. Àjàrà gbígbẹ kì í ṣe irè ilẹ̀ Áyálándì, tíì kò sì tíì dé ibẹ̀ nígbà náà. Samhain fúnra rẹ̀ ló pẹ́: iná àti àsè. Oúnjẹ alẹ́ tí àwọn ẹlẹ́sìn òde òní ń jẹ láìfọhùn náà ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ló ń ṣe é láti rí ọkọ tí wọ́n máa fẹ́. Lónìí, àwọn òkú ni wọ́n ń tẹ́ àwo sílẹ̀ fún. Ègé tiwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ gé, kí alààyè kankan tó fọwọ́ kàn án.

Inú ilé ni kí àwo yẹn sùn. Àjàrà gbígbẹ jẹ́ májèlé fún ajá, nítorí náà ẹ má gbé e síta, ẹ má sì sin ín sẹ́yìnkùlé. Tó bá di àárọ̀, inú garawa ìdọ̀tí olómọrí ni kí ẹ dà á sí.