Ọjọ́ tí tẹlifíṣọ̀n gbé àdìrẹ mì mọ́ ìyá lára

Iṣẹ́ alukoro ni mò ń ṣe. Àwọn tó ní ọ̀rọ̀ tó yẹ káyé gbọ́ ni mo máa ń mú lọ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Èmi fúnra mi kì í jókòó síwájú kámẹ́rà. Ẹ̀yìn kámẹ́rà náà ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ètò òwúrọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Ìkẹjà. N ò ní dárúkọ wọn, torí wọ́n ṣì ń pè mí.

Ìyá aláró kan láti Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ni àlejò mi. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, aró ò sì kúrò léèékánná rẹ̀ mọ́. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n ń kó wọlé láti Ṣáínà tí wọ́n sì ń pè ní àdìrẹ, ló fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n ṣèlérí fún wa.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n ní ká dé. Ìkẹjà la sùn mọ́jú, torí ẹni tó bá gbára lé ọ̀nà Ṣángò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹlòmíì ni yóò bá a ṣe ètò náà. Síbẹ̀, orúkọ wa ò sí níwèé àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Ogún ìṣẹ́jú la fi dúró, tí mò ń pe nọ́ńbà tẹ́nikẹ́ni ò gbé.

Ibi tí wọ́n ti ṣe dáadáa, n ò ní fi pa mọ́. Ọmọbìnrin tó ń kunni lóge kúnlẹ̀ kí ìyá. "Ọmọ mi, sáà má sọ mí di òyìnbó," ni ìyá wí. Àtíkè díẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí iwájú orí dán lábẹ́ iná ló fi pa á lójú, ó parí. Ọ̀gá gidi sì ni ọkùnrin tó ń bójú tó ohùn. Ó há máìkì kékeré mọ́ ọrùn bùbá ìyá, ó gbọ́ ọ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ má bínú, Mà, ìyùn yín ń bá wa dá sọ́rọ̀." Bí ìyá bá ti mí, ìyùn á kan máìkì, kò, kò, kò. Kò ní kó bọ́ ìyùn. Ó sún máìkì sí èjìká òsì, ó fi tépù lẹ wáyà mọ́ abẹ́ aṣọ, ariwo sì dákẹ́.

Inú sítúdíò ni wàhálà wà. Aṣọ búlúù ńlá kan ni wọ́n ta bo ògiri. Kọ̀ǹpútà ni yóò yọ gbogbo ohun tó bá ní àwọ̀ yẹn kúrò, tí yóò fi àwòrán mìíràn dípò rẹ̀. Afárá Third Mainland láàárọ̀ ni tiwọn. Àwọ̀ ewé ni ọ̀pọ̀ ń lò láyé òde òní, àmọ́ búlúù ni wọ́n ní. Ìyá wá wọ bùbá àti ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aró látọrùn dé ẹsẹ̀. Mo wo tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà: mo rí orí ìyá, mo rí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, danfó sì ń kọjá láàárín wọn. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ yà sára aṣọ, tí aró ò mú, nìkan ló kù, ó ń léfòó lórí ọ̀sà. Láyé WNTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, n'Ìbàdàn ní 1959, tí àwòrán jẹ́ dúdú àti funfun, èyí ò lè ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ní kí ìyá fi kóòtù atọ́kùn bo aṣọ. Ìyá wò wọ́n títí. "Ọ̀rọ̀ àdìrẹ lẹ pè mí wá sọ, ẹ tún ní kí n bò ó?" Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ ká lọ sí igun tí wọ́n ti ń ṣe ètò oúnjẹ sísè. Wọ́n gbà. Kí wọ́n tó ti kámẹ́rà, kí wọ́n tó tún iná tò, ìṣẹ́jú 15 ti di 6.

Ìyá lo mẹ́fà ọ̀hún bí ẹni tó ti ń ṣe é tipẹ́. Ó na àdìrẹ kan tí wọ́n ń pe iṣẹ́ ara rẹ̀ ní Ìbàdàndùn síwájú kámẹ́rà, ó fọwọ́ tọ́ àwọn òpó Gbọ̀ngàn Mápó tó wà lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí ẹni tó ra ti Ṣáínà wá òpó tirẹ̀ jáde. Lábẹ́ ojú rẹ̀, "Àlhájà" ni wọ́n kọ. Ìyá Ìjọ ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ti fi orúkọ àti oyè rẹ̀ ránṣẹ́.

Nínú 10, mo fún olóhùn àti aláàtíkè ní 9. Ẹni tó yẹ kó bá àlejò sọ̀rọ̀ ṣáájú, 3 ni mo fún un, àánú ló sì mú mi dé ibẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ránṣẹ́ bèèrè ìwé ẹ̀rí tí ìyá ní. Kò bèèrè aṣọ tó máa wọ̀. Fídíò ètò náà, ₦15,000 ni wọ́n gbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló sì tó dé.

Wọ́n tún pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n fẹ́ ahunṣọ òkè kan láti Ìsẹ́yìn. Mo ní, "Àwọ̀ wo ló wà lára ògiri yín báyìí?" Ọmọbìnrin tó pè mí ní, "Ẹ jẹ́ n bèèrè, Mà." Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Òní ti di Ìṣẹ́gun.