Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ fóònù

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé fóònù yín fún ẹnikẹ́ni kìkì nítorí pé ó kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà sára pátákó. Ní Computer Village n'Íkẹjà, ní Queen Cinema n'Íbàdàn, kò sẹ́ni tí kò lè gbé pátákó Samsung tàbí ti Apple kọ́. Ẹni tó ń kun pátákó kì í béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ ò tíì rìn jìnnà ládùúgbò Ọ̀tìgbà tí ọmọkùnrin kan á ti wá pàdé yín: "Mọ́mì, fóònù lẹ fẹ́ ṣe àbí? Ọ́fíìsì wọn gan-an rèé." Á mú yín gun òkè, ẹ ó bá ẹni tó wọ ẹ̀wù ilé iṣẹ́ náà nídìí káúńtà tó mọ́ tónítóní, á gba fóònù yín, á ní ẹnjiníà wà nínú yàrá. Inú yàrá yẹn ni wọ́n ti ń ṣọṣẹ́. Ibi tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀ ló bàjẹ́ lára fóònù àbúrò mi tó fi gbé e dé irú ibẹ̀. Wọ́n tún un ṣe lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tó délé, fóònù kò dá ìka rẹ̀ mọ̀ mọ́, bí iná ilé bá sì kú, ibi tó máa ń dúdú lójú fóònù náà tẹ́lẹ̀ wá ń ràn bí eérú. Wọ́n ti yọ ojúlówó súkirínì, wọ́n sì ti fi kọ́pì dí i. Ó padà lọ bá wọn, wọ́n ní bó ṣe gbé e wá nìyẹn. Kí ló fẹ́ fi já wọn nírọ́, nígbà tí wọn ò kọ nǹkan kan fún un?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó tú wọn fó. Nínú súkirínì AMOLED, irú èyí tó wà lára fóònù àbúrò mi tẹ́lẹ̀, ibi tó bá dúdú kò ní iná rárá. LCD, irú súkirínì mìíràn, ni ọ̀pọ̀ kọ́pì olówó pọ́ọ́kú, iná sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ̀rọ tó ń ka ìka lábẹ́ gíláàsì kì í sì ríran gba inú LCD bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó kúrò ní káúńtà, ẹ tẹ ìka yín sí i, kí ẹ sì fi ọwọ́ ṣíji bo àwòrán dúdú kan wò. Ti iPhone tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti iOS 15.2, bí wọ́n bá ti pààrọ̀ súkirínì iPhone 11 tàbí èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ (yàtọ̀ sí iPhone SE), ẹ ó rí i ní Settings, General, About. Bí ó bá kọ "Unknown Part", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kì í ṣe ojúlówó Apple ni wọ́n fi sí i, tàbí kó jẹ́ èyí tí wọ́n yọ lára iPhone mìíràn, tàbí èyí tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù yín ló máa sọ ibi tó yẹ kẹ́ ẹ gbé e lọ. Carlcare ló ń tún Tecno, Infinix àti itel ṣe, áàpù wọn sì sábà máa ń wà nínú fóònù náà látìgbà tẹ́ ẹ ti rà á. Inú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wá àdírẹ́sì, kẹ́ ẹ sì fi IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù yín, wo wáráńtì. Samsung ní áàpù tirẹ̀, Samsung Members. Apple kò ní sọ́ọ̀bù tirẹ̀ kankan ní Nàìjíríà, nítorí náà irọ́ ni pátákó "Apple Store" yòówù tẹ́ ẹ bá rí. Àwọn tí Apple fún láṣẹ ni kẹ́ ẹ wá lórí ìkànnì Apple fúnra rẹ̀. Google kì í ta fóònù rẹ̀ tó ń jẹ́ Pixel níbí, torí náà kò sí ọ́fíìsì Pixel tí ẹnikẹ́ni lè mú yín lọ. Kámẹ́rà Pixel dára púpọ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n lójú tèmi, fóònù tó ní ibi gidi tí wọ́n ti ń tún un ṣe nílùú yín sàn jù ú lọ fún ẹni tí kò ní owó fóònù méjì.

Kẹ́ ẹ tó fi fóònù sílẹ̀, ẹ tẹ *#06#, kí wọ́n kọ IMEI náà sórí ìwé, kí wọ́n kọ ohun tó ṣe é àti ohun tí kò ṣe é. Ẹ yọ síìmù àti mẹ́mórì. Ẹ má sọ páásíwọ̀dù yín fún wọn. Àwọn Samsung tuntun ní Maintenance Mode, tí kò ní jẹ́ kí ẹni tó ń tún un ṣe rí fọ́tò tàbí áàpù báńkì yín. Bí wọ́n bá kọ̀ láti kọ IMEI, ẹ gba fóònù yín padà lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti rẹ́ yín jẹ, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń gba ẹjọ́ irú èyí. Ìwé yẹn àti rìsíìtì lẹ máa kó lọ bá wọn.