Àpótí eré àwọn ènìyàn-ẹṣin: ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún un, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Ìtá Ẹ̀lẹ́wà ní Ìkòròdú níbí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wọlé ní alẹ́ Sátidé, ẹ ò ní bá aṣọ lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Díìsì lẹ máa bá, àti ọmọ mẹ́rin tí ń pariwo. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ń gbé lọ́dọ̀ mi, ó wà ní SS2, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta kì í sì í jìnnà sí i. Kàkà kí wọ́n lọ máa dúró níwájú ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, mo ní kí wọ́n wá ṣe eré wọn níṣojú mi. Èmi ni mò ń sọ ìtàn, àwọn ni wọ́n ń ṣe ẹ̀dá inú rẹ̀: ọ̀kan á ní jagunjagun ni òun, èkejì á ní oníṣègùn ni òun, ohun tí díìsì bá sì sọ la máa gbà.

Oṣù mẹ́rin rèé tí a ra àpótí àfikún tó dá lórí àwọn ènìyàn-ẹṣin, àwọn tí òyìnbó ń pè ní centaur. Láti ìbàdí sókè, ènìyàn. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ẹṣin. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, ọwọ́ méjì, ìrù kan. ₦46,000 ni mo rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo tún san ₦5,500 fún gbígbé e wá. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á, torí a ti parí ìjà wa.

Ìjà wo? Ẹni tó gbé e bọ̀ pè mí pé òun ti dé, kí n jáde. Mo jáde, mi ò rí ẹnì kankan. Àṣé Fádéyì ló wà, lórí Ìkòròdú Road, nínú Èkó lọ́hùn-ún, kì í ṣe ìlú Ìkòròdú! Ẹni tó bá ń gbé ìlú yìí ti mọ ìyà yẹn. Ó di ọjọ́ kejì kó tó dé, òjò sì ti rin igun àpótí náà gbingbin. Ère kéékèèké méjìlá ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìka ọwọ́ mi lọ. Ọ̀kan ti kán lọ́rùn: orí lọ́tọ̀, ara lọ́tọ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi dákẹ́ kí wọ́n tó dá ₦3,000 padà fún mi. Mo fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́ fúnra mi.

Níbi tí mo ti ń wá bí wọ́n ṣe ń kùn wọ́n ni mo ti ka nípa ère amọ̀ ènìyàn-ẹṣin kan tí wọ́n hú jáde ní Lefkandi, ní erékùṣù Euboea, ilẹ̀ Gíríìsì. Ó ti tó nǹkan bí ọdún 2,900 tí wọ́n ti mọ ọ́n. Inú sàréè kan ni wọ́n ti rí orí rẹ̀, inú sàréè mìíràn ni wọ́n ti rí ara. Ìka mẹ́fà ló ní lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹni tó mọ ọ́n sì dìídì fa ojú ọgbẹ́ sí i lẹ́sẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe tèmi nìkan ni orí rẹ̀ kúrò lọ́rùn.

Ìwé inú àpótí náà ló jẹ́ kí n má kábàámọ̀ owó mi. Ẹni tó kọ ọ́ kò mú ènìyàn-ẹṣin bí ẹranko tí àwọn ọmọ á kàn máa pa kiri. Ìlú ni wọ́n, wọ́n ní àgbà, wọ́n ń dá ẹjọ́, wọ́n ń gbé ìyàwó. Ìdílé ńlá méjì ló wà níbẹ̀, inú ìtàn àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ló sì ti fa méjèèjì yọ. Ọ̀kan ń tẹ̀lé Chiron, ènìyàn-ẹṣin olùkọ́ tó tọ́ jagunjagun Achilles dàgbà, tó kọ́ Asclepius, òrìṣà ìwòsàn wọn, ní ìṣègùn. Èkejì ni ọmọ àwọn ènìyàn-ẹṣin tó mutí yó níbi ìgbéyàwó Pirithous, ọba àwọn ènìyàn tí wọ́n ń pè ní Lapith, tí wọ́n fẹ́ gbé ìyàwó olóde sá lọ, tí àwọn Lapith fi gbé ìjà kò wọ́n. (Wọ́n gbẹ́ ìjà yẹn sára àwọn òkúta Parthenon, tẹ́ńpìlì àtijọ́ ní Áténì, púpọ̀ nínú wọn sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ kúkú mọ ọwọ́ àwọn yẹn.) Nínú ìwé yìí, ìtìjú ọjọ́ náà kò tíì tán lára ìdílé kejì: tí wọ́n bá dé òde ìgbéyàwó, wọ́n á da ife wọn dojú dé kí wọ́n tó jókòó. Ọ̀rọ̀ ife yẹn nìkan, Sátidé mẹ́ta la fi ṣe é.

Oúnjẹ ni wọ́n kó ìranù sí. Ìwé ní oúnjẹ ẹnì kan ló tó ènìyàn-ẹṣin lójúmọ́. Níbo? Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ìlọrin sin ẹṣin rí, mo mọ ohun tí ojú wọn rí. Ẹṣin tó bá wọn 500 kìlógíráàmù á jẹ tó kìlógíráàmù mẹ́wàá lójúmọ́, á sì mu omi láti 20 dé 40 lítà. Abọ́ ìrẹsì kan ò lè gbé ìdí yẹn. A pa òfin náà tì, eré sì dùn sí i, torí báyìí, kí ènìyàn-ẹṣin mẹ́ta tó wọ abúlé, baálẹ̀ á ti máa ka iṣu inú àká.

Àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi sí i lẹ́wà, ṣùgbọ́n inú igbó àbàtà létí omi ni wọ́n tẹ ìlú wọn dó sí, bí ẹni pé apá Ìjẹ̀dè níbí. Ẹṣin Ọ̀yọ́ tó mi ilẹ̀ ọ̀dàn tìtì, inú igbó ni agbára rẹ̀ ti ń pin, torí eṣinṣin tsetse tó ń kó àìsàn ran ẹṣin. Mo fi bírò gbé ìlú wọn lọ sókè.

Èyí tó dùn mí jù wà lójú ìwé 41. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ lè gun ènìyàn-ẹṣin, wọ́n tún kọ iye tí wọ́n ń ta gàárì. Ọmọ aládùúgbò wa kan, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló ń ṣe ènìyàn-ẹṣin lọ́dọ̀ wa. Bí mo ṣe kà á tán, ó wò mí. “Àǹtí, ṣé ọ̀kadà ni mí ni?” Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ère rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó fi sápò.

Ó tọ́ kó bínú. Ènìyàn tó ní orúkọ, tó ń dá ẹjọ́, tó ń ti ojú ohun tí bàbá ńlá rẹ̀ ṣe, ẹ wá ń di gàárì mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú wọn ló tú u. Ó ní, “Kó pọ̀n mí nígbà yẹn.” Ilé dákẹ́. Pọ̀n! Ẹṣin là ń gùn, ènìyàn ló ń pọnni. Láti ọjọ́ náà, òfin tiwa ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gun ènìyàn-ẹṣin, ṣùgbọ́n ó lè pọn ẹni tó bá wù ú, tí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó pọ̀n ọ́n sọdá odò. Nígbà tí wọ́n dé àárín omi, tí ìyẹn ń sọ pé kó yára, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ yìí fi ohùn ìyá rẹ̀ dáhùn pé, “Ẹni a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn.” Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi òwe já a, ó ní bó pẹ́ bó yá, ẹni tó gẹṣin á sọ̀ kalẹ̀. Ènìyàn-ẹṣin wa dá a lóhùn pé, “Kí n sọ̀ kalẹ̀ láti ibo sí ibo?”

Ó ku ti aṣọ, ẹ jẹ́ n ṣe iṣẹ́ mi. Ìhòòhò ni gbogbo ère náà wà, àfi àwọn jagunjagun tó wọ irin sí àyà. Mo mú ànkárá tó ṣẹ́kù, mo gbé téèpù. Bùbá kò le. Mo wá dán kẹ̀ǹbẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wò, mo kábàámọ̀: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ̀ síbi tí orúnkún ènìyàn kì í tẹ̀ sí, aṣọ kó jọ síbẹ̀ gúlútú, báwo ló sì ṣe máa tọ̀? Ìró ló gbà mí. Mo dà á bo ẹ̀yìn rẹ̀, mo so ó lábẹ́ ikùn, mo la ojú ibi tí ìrù máa gbà jáde. Tí a bá gbé e dé ìwọ̀n gidi, mo ṣírò rẹ̀ sí yáàdì mẹ́rìnlá fún ẹnì kan. Ẹ fi ojú inú wo aṣọ ẹbí wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á: díìsì rẹ̀ dára, ọ̀dà ara ère ń bó, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé náà, èmi ni mò ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Kí ẹ sì sọ fún wọn pé Ìkòròdú ìlú ni, kì í ṣe Ìkòròdú ọ̀nà.

Èyí tó kán lọ́rùn, mo fi ìlẹ̀kẹ̀ bo ojú súpà gúlù náà, mo rán fìlà sí i lórí. Òun ni baálẹ̀ wọn báyìí.